Ọmọ Tó Pa Ẹnu Dé Mọ́ Ògì

Kékeré ni mo ṣì wà, kíláàsì kẹta ni mo ń lọ, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó gba iwájú ilé wa kọjá ní Awóyáyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lórí ọ̀nà náà lónìí, tí ẹ ń yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ bú ara yín, ẹ lè má gbà pé yanrìn àti igi àgbọn nìkan ló wà níbẹ̀ rí. Ọjọ́ tí katapílà kọ́kọ́ dé, gbogbo wa la jáde lọ wò ó, àní títí kan àwọn àgbà tó ní àwọn ò rójú. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e dé, àwọn ará Ìsẹ́yìn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ìlá, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ẹ̀wà ìyá mi.

Ẹ̀wà ni ìyá mi ń sè tà. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà wà níwájú ilé wa, ayé dẹrùn. Bí àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà, bá ké, màá pọ̀n ọ́n, màá gbé e lọ bá ìyá mi, yóò mu ọmú, a ó padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń là kì í dúró sójú kan. Bó ṣe ń gùn sí i ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jìnnà sí wa, tí ìkòkò ẹ̀wà ìyá mi náà sì ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó yá, típà ló ń gbé e lọ láàárọ̀, típà ló sì ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọlidé ni a wà. Ìyá mi pè mí, ó ní bí ilé ìwé bá fi wọlé tí àbúrò mi ò tíì máa jẹun, èmi ni màá máa pọ̀n ọ́n tẹ̀ lé òun lọ sídìí ẹ̀wà, kó lè máa rí ọmú mu. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, pé màá padà sílé ìwé tó bá yá. Mo mọ ọmọbìnrin méjì ládùúgbò wa tí wọ́n sọ irú rẹ̀ fún, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mọ́. Èmi sì fẹ́ràn ilé ìwé bí ẹni fẹ́ràn àkàrà gbígbóná. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọmọ náà ò ṣàìsàn o. Ó sanra, ó ní eyín méjì, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ògì, yóò pa ẹnu dé gbọn-in. A fi ṣúgà sí i, kò gbà. A fi mílíìkì sí i, kò gbà. Ẹnìkan ní kí a jẹ́ kí ebi pa á dáadáa. Ebi pa á lóòótọ́, ó sì fi igbe lé gbogbo wa jáde nínú ilé. Èmi wé gèlè ìyá àgbà, mo ń jó, mo ń pàtẹ́wọ́ níwájú rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Yóò la ẹnu rẹ́rìn-ín, ìyá mi yóò yára gbé ṣíbí wá, ọ̀gá kékeré yìí yóò tún ti ilẹ̀kùn ẹnu.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní àbẹ̀jù ni gbogbo ohun tí a ń ṣe. Ó ní rírọ ni kí á rọ ọmọ, pé òun ló rọ bàbá mi àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, ó da ògì sí i, ó sì fún un nímú kó lè gbé e mì. Ògì bá gba ibòmíràn lọ. Ojú ọmọ yí padà, igbe ò jáde. Ìyá mi já a gbà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn títí ó fi ké. Ìyá mi yíjú sí ìyá àgbà. Ó ní, "Mà, ẹ dákun, ẹ má rọ ọmọ mi mọ́ láéláé." N kò gbọ́ ọ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Inú bí ìyá àgbà débi pé òun náà kọ oúnjẹ alẹ́, ó wá di ẹni méjì tí kò jẹun nílé wa.

Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò mi bá ti rí ife ògì lókèèrè, yóò yí orí padà. Ilé ìwé sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Obìnrin kan wà nítòsí wa tó ń ránṣọ, wòlíì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun. Òun ló ní kí ìyá mi ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ọmọ. Ìyá mi ò ní ohun tó jùyẹn lọ láti gbìyànjú. Ó se ẹ̀wà rẹ̀ títí ó fi rọ̀ dáadáa, ó fi epo pupa sí i, ó kó o sínú àwo fífẹ̀ kan, ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yí i ká. Gbogbo ọmọ àdúgbò jókòó sórí ẹní. Wòlíì gbàdúrà, a ṣe àmín kíákíá nítorí òórùn ẹ̀wà náà, a sì bọ ọwọ́ sí i.

Mo gbé àbúrò mi kalẹ̀ síwájú mi, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, mo gbàgbé rẹ̀. Ta ló máa rántí ọmọ ọwọ́ níbi tí wọ́n ti ń du ẹ̀wà? Ọwọ́ kékeré kan ló gba abẹ́ apá mi kọjá. Ó bu ẹ̀wà, ó fi ìdajì ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kó ìdajì sẹ́nu. Ó ń fi eyín méjì yẹn run ún. Ó tún bu òmíràn.

Ìyá mi rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà náà rí i, ó la ẹnu láti fi igbe ta, ìyá mi sì fò dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Báyìí ni àwọn méjèèjì dúró, tí ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí èjìká rẹ̀ ń mì, tí omijé sì ń bọ́ lójú ìyá mi. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ọmọ náà títí àwo fi gbẹ.

Wòlíì ní àdúrà ló gbà. Ìyá àgbà ní epo pupa ni. Ìyá mi ní ó jẹun nítorí pé kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́nu. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ilé ìwé ni mo ń rò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún gbé ògì fún un lóun nìkan, ó tún pa ẹnu dé. Ìyá àgbà bá jáde sí gbangba, ó ń pe àwọn ọmọ onílé, "Ẹ máa bọ̀ o, ẹ wá bá ọ̀rẹ́ yín jẹun!" Ni wọ́n bá wá, ni ọ̀gá bá la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe di ẹni tó ń bọ́ ọmọ àdúgbò lójoojúmọ́, tó ń ráhùn pé wọ́n ń jẹ òun run, tó sì ń pè wọ́n bí wọ́n bá pẹ́ dé. Kò rọ ọmọ kankan mọ́ títí ó fi kú.

Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, mo rí ìyá mi lórí típà, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí lẹ́yìn tèmi náà. Ayọ̀ ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi. Mo sáré dé ilé ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbá ilẹ̀. Àbúrò mi ti di bàbá oníkùn báyìí, kò sì tíì lè dá jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá rìnrìn àjò, ṣe ló ń gbé abọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Ẹ̀sítéètì kan lẹ́bàá Àjá ni ọmọ mi obìnrin ń gbé. Mo lọ bá a tọ́jú ọmọ lọ́dún yìí, mo bá ọmọ ọmọ mi lórí àga gíga, wọ́n gbé fóònù síwájú rẹ̀ kó lè la ẹnu, kò là á. Ilé kún láti ibẹ̀ títí dé Awóyáyà, kò sí àyè tí ẹ lè na ẹsẹ̀ sí, ọmọ yìí sì ń dá jókòó bí adájọ́. Inú mi bàjẹ́. Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọn ò tíì kọ́ parí, àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ọ ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Mo ní kí ọmọ mi lọ bá mi pe àwọn ọmọ náà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀sítéètì nibí o! Mo mọ̀ wọ́n ni? Ẹni tó wà ní géètì ò ní gbà." Mo se ẹ̀wà, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo sì lọ bá ẹni géètì fúnra mi. Ohun tí mo sọ fún un, ẹ má bi mí.

Ọmọ ọmọ mi ti ń jẹun. Bí ọmọ yín bá ń pa ẹnu dé, tí ẹ sì ń gbé nítòsí wa, ẹ gbé e wá nírọ̀lẹ́. Ẹ kàn sọ fún ẹni géètì pé ìyá ẹlẹ́wà ló pè yín. Kò ní dá yín dúró, òun náà ń bá wa jẹ níbẹ̀.