Pósí Bàbá Akínlabí Tí Omi Kò Gbé Lọ

Bí aláìsàn kan bá wà ní àdúgbò Bulabulin, ní Maiduguri, tó gbúròó pé Fèyíkẹ́mi ń gbé fèrè rẹ̀ bọ̀, bó ti wù kí àìsàn náà le tó, á gbìyànjú kó dìde jókòó. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú o. Òkú ló sábà máa ń fun fèrè fún ni, báwọn èèyàn bá sì ti rí i, òkú ló ń wá sí wọn lọ́kàn.

Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Moduganari. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì gbọ́n sí. Hausa ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń gbàdúrà; bí ọ̀rọ̀ bá wá dùn mọ́ ọn tán, á pa méjèèjì pọ̀. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì tó ń fun nínú ìjọ, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, pẹ̀lú etí tí kì í gbàgbé ohùn. Bó bá jókòó sínú yàrá, bí sálúbàtà bá ṣe ń lu ilẹ̀ lójúde ni yóò fi mọ ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní kíláàsì, á dárúkọ onítọ̀hún láìyíjú padà.

Etí yìí ló kó o sínú ọ̀ràn Bàbá Akínlabí.

Bàbá Akínlabí, tí òun àti Fèyíkẹ́mi jọ wà nínú ìjọ kan náà, ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Post Office láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, pósí tí wọ́n fi ìkánjú rà kúrú. Ẹsẹ̀ ìyá ni wọ́n ká kó tó wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ní kí káfíńtà kan pósí tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, igi gidi, gígùn gbọọrọ, tó ń dán.

"Èmi ò ní í kákò lọ bá a," ó wí. "Ó ti kákò tó fún àwa méjèèjì."

Ó gbé pósí náà sí yàrá rẹ̀, gbogbo àlejò ló sì ń fi í hàn. Bó bá ti ṣí ìdérí rẹ̀, irin ibẹ̀ á ké fẹ̀ẹ̀ẹ̀n, bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Fèyíkẹ́mi ní kóun bá wọn fi òróró sí i.

"Fi í sílẹ̀!" ni bàbá fèsì. "Bí mo bá yí ọkàn padà tí mo fẹ́ jáde, ó yẹ kí ẹ gbọ́, kí ẹ lè tètè sá."

Alàájì Jàáfárù, aláṣọ, ni aládùúgbò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni. Kò sígbà tí kì í fi pósí yìí ṣe yẹ̀yẹ́. "Akínlabí, àwa, aṣọ funfun ti tó wa. Ìwọ ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sọ́run. Kí lo fẹ́ kó sínú rẹ̀?"

"Ẹnu rẹ ni màá kó sí i, kí àdúgbò lè sinmi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di ọdún tí omi ya wọ ìlú. Bàbá Akínlabí wà ní Jos lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó padà dé, ẹrọ̀fọ̀ ló bá nínú ilé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí yàrá rẹ̀. Ibùsùn wà níbẹ̀, rédíò wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ti mu omi yó. Pósí ni kò sí.

"Omi ti gbé e lọ," làwọn aládùúgbò wí. Bàbá ò gbà. Ó ránṣẹ́ pe Fèyíkẹ́mi.

Fèyíkẹ́mi wo ilẹ̀kùn, ó wo irin tó wà lójú fèrèsé, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó ní, "Bàbá, omi kì í ṣílẹ̀kùn, kó gbé ẹrù jáde, kó tún padà wá tì í."

"Olè ni nígbà náà!"

"Olè wo ló máa fi rédíò sílẹ̀ tó máa gbé pósí? Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Kò sẹ́nì kan lábẹ́ ọ̀run."

Ohun tí Fèyíkẹ́mi mọ̀ nípa pósí náà kò ju igbe rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, á wọ Kéké NAPEP lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà tó ń ta pósí, bóyá ẹnì kan ti tà á fún wọn. Á ní kí wọ́n ṣí ìdérí, á dẹ etí, á mi orí, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Káfíńtà kan ò lè mú un mọ́ra.

"Àǹtí, ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Mi ò fẹ́ rà á. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Sannu," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Fèyíkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi délé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé òun náà yóò kákò.

Láàárín ìgbà yẹn, Islamiyyat, ọmọ ọmọ Alàájì Jàáfárù, kò wá sí kíláàsì fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ilé Alàájì ti wó nínú omi, Moduganari ni òun àti Kaosarah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kó lọ, níbi tí omi ò dé. Fèyíkẹ́mi lọ wò wọ́n. Ibà ló ṣe ọmọ náà, ó sì ti ń gbádùn. Wọ́n fún olùkọ́ ní kúnú tútù, òun àti Alàájì jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò. Kaosarah wọ yàrá lọ mú aṣọ ọmọ.

Fẹ̀ẹ̀ẹ̀n.

Fèyíkẹ́mi gbé ife kúnú sílẹ̀.

"Alàájì," ó wí jẹ́ẹ́, "ṣé ewúrẹ́ lẹ̀ ń sìn nínú yàrá ni?"

Alàájì Jàáfárù sọ orí kọ́. Kò purọ́.

"Ọmọ mi, nígbà tí omi dé, Kaosarah ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Islamiyyat ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo wá ohun tí mo lè gbé wọn sí, kò sí. Ni mo bá rántí kọ́bọ́ọ̀dù Akínlabí. Mo tẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì sínú rẹ̀, èmi àti ìyá wọn dì í mú lọ́tùn-ún lósì, a ń tì í lọ lójú omi. Àwọn èèyàn dúró lórí títì gíga, wọ́n ń wo pósí tó ń bọ̀. Bá a ṣe sún mọ́ wọn, Islamiyyat yọ orí jáde, ó kí wọn pé, 'Sannunku!' Wallahi, arọ sáré lọ́jọ́ náà."

Fèyíkẹ́mi ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi í nípa kọ́kọ́rọ́.

"Akínlabí fúnra rẹ̀ ló fún mi, lọ́sẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òun ò yọjú, kí n ṣílẹ̀kùn wo òun. Ọ̀fọ̀ ló mú un lọ́jọ́ yẹn, ó ti gbàgbé."

"Ẹ wá tún tì í padà, nínú omi yẹn?"

"Ṣé kí n fi ilé ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ gbayawu ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn látọjọ́ yìí?"

"Mo ti fi nǹkan náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ojú ló ń tì mí."

Lọ́jọ́ kejì, Fèyíkẹ́mi mú Bàbá Akínlabí wá. Ó ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, síbẹ̀ ìbínú ni bàbá fi ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Yàrá ló kọrí sí. Pósí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ọmọ ìkókó sùn fọnfọn láàárín aṣọ nínú rẹ̀. Islamiyyat dúró síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Kwale-kwalena ne!" ọmọ náà pariwo. Ọkọ̀ ojú omi òun ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Bàbá dúró. Ó wo ọmọ ìkókó, ó wo Jàáfárù tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ó wá bi Jàáfárù.

"Ó gba omi sínú?"

"Ẹ̀kán kan ò wọ̀ ọ́."

Ojú bàbá tàn bí ojú ọkọ ìyàwó. "Mo sọ fún ẹ! Mo sọ fún ẹ pé igi gidi ni!" Ibi tó ti ń pariwo náà ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Jàáfárù wá dì mọ́ ọn, àwọn arúgbó méjèèjì ń sunkún, wọ́n sì ń bú ara wọn. Kaosarah ní kí wọ́n rọra, ọmọ ń sùn.

Bàbá ò gbé pósí náà padà. Lásìkò tí wọ́n ń tún ògiri ilé rẹ̀ ṣe, ọ̀dọ̀ Jàáfárù ló ń gbé, wọ́n sì ń jà lórí rédíò tuntun. Bí wọ́n bá bi í ìgbà tó máa kan òmíràn, á ní ọmọ náà kò tíì dàgbà tó láti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé òun.

Fèyíkẹ́mi padà sí kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní ọkọ òun ti sá nílé, àwọn èèyàn sì sọ pé olùkọ́ onífèrè lè bá òun wá a.

Fèyíkẹ́mi fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gbé àga fún un.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Ọkọ yín, ṣé ó máa ń hanrun?"