Lẹ́tà Switzerland Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí fún yín. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, orí fóònù yìí náà ni mo sì ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ foríjì mí.

Akínwùmí, àkọ́bí mi, kú nínú oṣù kọkànlá tó kọjá. Ibi iṣẹ́ ló ti ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Mr. Curtis tí wọ́n jọ wà ní shift lọ́jọ́ náà ló gbé orí rẹ̀ lé itan títí ambulance fi dé. Mi ò ní gbàgbé orúkọ ọkùnrin yẹn láé.

Èmi ń gbé ní Morrow, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbí, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwa àgbàlagbà. Akin àti Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Grayson pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Tómi àti Dàmọ́lá. Gbogbo Sátidé ni Akin máa ń wakọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Fúnmi mọ̀ pé oúnjẹ ló ń gbé wá. Òótọ́ ni, ó ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń wá gba lẹ́tà.

Lẹ́tà wo? Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Kí Akin tó wá sí Amẹ́ríkà, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje ní Switzerland, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn. Báńkì kan níbẹ̀ ni wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ sí. Nígbà tó fẹ́ kúrò níbẹ̀, tó sì ti ń múra àtifẹ́ Fúnmi, ó pè mí lórí fóònù ní Ìbàdàn. Ó ní òun kò ní kó owó òun kúrò, pé àwọn báńkì ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, pé kò sẹ́ni tó máa béèrè tí wọ́n á dá lóhùn. Ó wá bi mí bóyá kí òun sọ fún Fúnmi.

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní, "Akin, má dán an wò. Ṣé o ti gbàgbé bùọ̀dá Táíwò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì rí ọmọbìnrin yìí, ẹ ti ń bá a jà."

Àbúrò mi ni Táíwò. Kò sí ohun tó ní tí Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, kò sì sí èyí tí Rónkẹ́ kò kó lọ. Inú yàrá mi ni Táíwò kú sí, lórí ẹní mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nítorí ohun tí Rónkẹ́ ṣe, mo dá Fúnmi lẹ́jọ́, ọmọ tí mi ò tíì fojú kàn. Ṣé ó bójú mu? Kò bójú mu. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni mo pè é nígbà yẹn.

Akin gbọ́ tèmi. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni. Nígbà tí mo wá di ará Morrow, àdírẹ́sì mi ló fún báńkì náà kí ìwé kankan má baà wọlé sí Grayson. Àpò ìwé funfun lásán ni, wọn kì í kọ orúkọ báńkì sára rẹ̀. Bó bá ti dé, màá tì í sábẹ́ aṣọ mi títí di Sátidé. Akin á wọlé, á dọ̀bálẹ̀, á wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Manager, ṣé wọ́n kọ̀wé sí mi?" Inú mi á dùn. Mo rò pé ọmọ mi fọkàn tán mi ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí ìyá kan ń fi yangàn.

Nígbà tó ku bí ọdún méjì kó kú, àwọn lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Ó ka ọ̀kan lójú mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan ti yàtọ̀, pé báńkì náà kò lè fi orúkọ ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà pamọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà mọ́. Wọ́n fẹ́ kí òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, kí wọ́n lè máa ròyìn àkáǹtì náà fún àwọn agbowó-orí níbí. Ó sì yẹ kí òun fúnra òun ti máa sọ ọ́ fún wọn lọ́dọọdún, òun kò sì sọ ọ́ rí.

Mo ní kó fọwọ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá fọwọ́ sí i, ó máa hàn nínú ìwé tax wa. Èmi àti Fúnmi la jọ ń ṣe é. Ó máa rí i."

Ṣé ẹ rí ohun tí mo dá sílẹ̀? Ọmọ mi ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ju ìjọba lọ, kì í sì í ṣe pé obìnrin náà burú. Irọ́ tí èmi kọ́ ọ ni kò mọ bí òun ṣe máa jáde nínú rẹ̀. Ó ní òun á ronú sí i. Ibi tó ti ń ronú sí i náà ni ikú bá a.

Lẹ́yìn tí a sin ín, lẹ́tà mẹ́ta tún dé. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà fún wa, Leonard, mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Nígbà tó rí orúkọ Akin lára àkọ́kọ́, ó ṣí fìlà kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á, mo tì í sábẹ́ aṣọ. Ìkejì dé, mo tì í sábẹ́ aṣọ. Ìkẹta náà bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Fúnmi. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó ń kó shift lé shift, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Síbẹ̀ owó mortgage tí wọ́n ń san lóṣooṣù lórí ilé yẹn ju agbára ẹnì kan lọ. Ọjọ́ ìsinmi kan, a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ó ní òun máa ta ilé náà. Dàmọ́lá tó ku ọdún kan kó jáde high school bú sẹ́kún lẹ́yìn wa. Ó ní, "Mommy, my school ńkọ́?"

Ìgbà tí a dúró níbi iná ojú ọ̀nà ni Fúnmi yíjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Akin ò sọ nǹkan kan fún yín rí? Bóyá ó ní owó níbì kan? Ẹ̀yin lẹ jọ máa ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Kò sọ nǹkan kan."

Mo ti fẹ́ sọ fún yín pé nítorí àṣírí Akin ni mo ṣe dákẹ́, pé mi ò fẹ́ dalẹ̀ òkú. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá yọ lẹ́tà síta, Fúnmi á béèrè ẹni tó ní kí ọkọ òun fi pamọ́ fún òun. Kí ni màá wí?

Wọ́n ta ilé náà nínú oṣù karùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Deacon Ọláwálé àti Brother Emeka wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé àwọn àga. Fúnmi jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń fi bébà wé abọ́. Mo fẹ́ bá a gbé páálí kan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ń dùn yín."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi yẹn ló wó mi. Obìnrin tó pàdánù ọkọ, tó ń pàdánù ilé, ẹ̀yìn mi ló ń rò. Mo ṣí báàgì mi, mo kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti ń gbé kiri nínú rẹ̀ fún un.

Ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ àwọn gbájú-ẹ̀ ni. Nígbà tó rí orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó dìde dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìpè Ìbàdàn, Táíwò, Rónkẹ́, àwọn Sátidé. Kò pariwo. Ó ní, "Ogún ọdún ni mo fi sùn tì í." Ó tún ní, "Ẹ sì wà nínú mọ́tò yẹn lọ́jọ́ yẹn. Dàmọ́lá ń sunkún lẹ́yìn yín."

Ó wá ka lẹ́tà kẹta fún mi ní Yorùbá, ó rọra ń kà á bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Báńkì ní àwọn ti kọ̀wé títí, wọn ò gbọ́ èsì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní bó bá fi máa di ìparí oṣù kẹta, àwọn máa ti àkáǹtì náà pa. Oṣù karùn-ún la wà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fúnmi pè wọ́n, ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí n lè gbọ́. Ọkùnrin tó gbé e pe ara rẹ̀ ní Lukas. Ó ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò lè sọ bóyá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn tàbí kò ní. Fúnmi ní lẹ́tà wọn wà lọ́wọ́ òun. Lukas ní òun kò lè bá a sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn. Fúnmi ní ọkọ òun ni, ó ti kú. Lukas ní òun bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ bóyá òun mọ ẹni tí òun ń torí rẹ̀ kẹ́dùn.

Ó ní kí Fúnmi fi ìwé kóòtù tó fi hàn pé ó jogún ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kí ìjọba Georgia fi òǹtẹ̀ sí i. Ó ní bí èsì kankan bá wà, àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí.

Àdírẹ́sì ta ni? Àdírẹ́sì mi.

Sister Bísí tó ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe tax ní kódà bí Switzerland bá tú owó náà sílẹ̀, Amẹ́ríkà á kọ́kọ́ béèrè owó-orí gbogbo ọdún tí Akin kò fi sọ fún wọn. Ó ní ká wá lọ́yà. Lọ́yà sì ní ká kọ́kọ́ sanwó kí òun tó ṣí fáìlì. Ibẹ̀ la ṣì wà títí di òní.

Fúnmi gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà mi lọ́wọ́ mi. Òun ló ń wá ní Sátidé báyìí, ó ń ti apartment tí wọ́n kó lọ wá. Á yẹ àpótí wò, á gbé oúnjẹ mi wọlé, á kúnlẹ̀ kí mi. Kì í pè mí ní Mọ́mì mọ́. Ó ń pè mí ní Màmá Akin, bí àwọn aládùúgbò ṣe ń ṣe. Dàmọ́lá kì í bá a wá.

Mo bú Lukas títí lọ́jọ́ yẹn. Mo pè é ní ọlọ́kàn líle. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, wọ́n ń sanwó fún un láti pa ẹnu mọ́. Èmi, ta ló sanwó fún mi?

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọkùnrin yín fẹ́ gbéyàwó, ẹ má gbin ìfura sí i lọ́kàn nítorí ohun tí ojú yín rí nílé ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tọkọtaya tó ní àkáǹtì lókè òkun, ẹ jọ jókòó, kí ẹnì kejì yín mọ orúkọ báńkì náà, kí ẹ sì sọ fún ìjọba ibi tí ẹ ń gbé nígbà tí ẹ ṣì wà láyé láti ṣàlàyé ara yín. Báńkì tí kò bá lè sọ̀rọ̀ fún ọ̀tá yín, kò ní sọ̀rọ̀ fún opó yín náà.

Bí irú èyí bá ti kan ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ ibí, màá kà á, bó ti wù kó gùn tó. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni mo tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ tiyín jù. Bí ìyá ọkọ yín bá ṣe èyí sí yín, kí lẹ máa fẹ́ kó sọ? Fúnmi ń bọ̀ ní Sátidé, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ.