Ṣòkòtò Àwọn Aṣọ́gbó Ló Bá Ìyá Abẹ́rẹ́ Mú Oṣù

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ránṣọ tí kò wo ojú abẹ́rẹ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi tún aṣọ iṣẹ́ ṣe fún àwọn aṣọ́gbó tó ń tọ́jú igbó ẹranko ìjọba. Ṣòkòtò tí wọ́n bá fà ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Ṣùgbọ́n erin tí àwọn wọ̀nyí ń rí bí ẹni ń rí ewúrẹ́, ìyá ò fojú kàn án rí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá aṣọ́gbó wọlé, ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá wa, a ti fún ẹ̀yin àti bàbá láyè nínú ọkọ̀ tó ń gbé àlejò wọgbó. Ọjọ́ kan péré ni o. Ẹ mú oṣù tó wù yín."

Ọjọ́ kan péré! Bí wọ́n bá ṣi àsìkò mú, tí erin ò yọjú, ó parí nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ò jẹ́ kó ronú rárá. Bàbá yìí ti kàwé débi pé tó bá sùn, gíláàsì rẹ̀ ṣì ń kàwé lọ.

"Ìgbà òjò ni. Ewé á tutù yọ̀yọ̀, àwọn ẹranko á ti bímọ. Ìwé mẹ́ta ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá wọn, ṣé ìwé ń wọ ṣòkòtò ni?"

"Kí ni ṣòkòtò ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Tòjò bá dé, ẹrẹ̀ ló máa ń dé ìbàdí ṣòkòtò wọn, torí ọkọ̀ ni wọ́n ń tì. Ẹ̀gún á ti ya itan rẹ̀ yánnayànna: inú koríko tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n ti ń wá ẹranko kiri. Àmọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ìdí ló máa ń já! Wọ́n jókòó sórí àpáta létí omi, ẹranko ló ń wá bá wọn. Odò yòókù ti gbẹ. Ìparí ẹ̀rùn ni ìdí ń já jù. Òun ni mo mú."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí ṣòkòtò lo fẹ́ fi gbé mi rìnrìn àjò!"

Wọ́n lọ. Oòrùn ń ta bí ata, eruku sọ Tíṣà di ẹni ẹfun, igi sì gbẹ bí ìgbálẹ̀. Wọ́n jókòó nínú ọkọ̀ létí odò láti àárọ̀. Ẹyẹ nìkan ni wọ́n rí. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wo inú igbó. Tíṣà la ẹnu:

"Ṣé mo sọ..."

Kò parí rẹ̀. Igbó là sí méjì, erin yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún dé, ilẹ̀ mì tìtì débi pé omi inú ike ń jó. Àwọn kan nínú ọkọ̀ ní mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Irọ́ ni! Ogójì pé, láìka ọmọ ọwọ́. Èyí kì í ṣe mo rí nǹkan fìrí rárá. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbá orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

Tíṣà bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó rọra sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, ti kìnnìún ńkọ́? Oṣù wo ló dáa?"