Ta Ló Máa Sọ fún Àgbà?

Láti ìgbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe nínú kóòdù mi mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìkẹ́rùsí là ń kọ ní ọ́fíìsì wa ní Ìlúpéjú. Ẹni tó bá kọ tiẹ̀ tán á fi han àwọn yòókù, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọ èrò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọn kì í sì í ṣàánú ara wọn rárá. Àmọ́ tí tèmi bá dé, “Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó parí.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí ọ̀gá ní kí n fi kóòdù kíkọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí n wá di alábòójútó, ni ara fu mí. Ẹgbẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ní Computer Village ti dẹni tó ń gbani síṣẹ́. Bóyá ó yẹ kí n gbà. Ṣùgbọ́n ṣé mo ṣì mọ iṣẹ́ yìí, àbí wọ́n kàn ń kí mi? Ìbéèrè yẹn ń yún mi bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀.

Mo bi ọmọbìnrin Èkìtì tó jókòó tì mí, ẹni tí mo máa ń jowú rẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, pé ṣé kóòdù mi ò ní àṣìṣe lóòótọ́.

“Ẹ̀yin ni daddy wa, sà. Ta ló máa sọ pé ẹ ṣe mistake?”

“Ó dáa. Bá mi fi kóòdù mi yìí ránṣẹ́ bíi tìẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fà á ya. Ọ̀kan ní, “Báwo lo ṣe gbàgbé pé ọjà lè tán?” Òmíràn ní, “Ta ló ṣì ń kọ ọ́ báyìí?” Inú bí mi. Mo tún un kà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Nísàlẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Ìṣirò yìí dùn gan-an o. Kọ́ mi jọ̀ọ́.” Èyí ni mo kà jù.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá pé mi ò fẹ́ ipò alábòójútó. Mo wá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà pé èmi ni mo ni kóòdù yẹn. Ṣe ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má bínú, sà!”

“Ẹ dìde jàre. Mo ti tún un ṣe, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìlà kẹta yìí ò mọ́gbọ́n dání.”

Lóòótọ́, kò mọ́gbọ́n dání. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.