Ọ̀nà Omi Orí Òkè Gba Iwájú Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí a ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, yàrá méjì ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa háyà. Olùkọ́ ni ọkọ mi, ọmọ Èkìtì ni. Nítòsí ìlú wọn, omi kan ń já ṣọ̀ọ̀ láti orí òkè, ọkọ mi sì ti ròyìn omi náà fún ọmọ wa títí ọmọ fi sọ ọ́ di àdúrà alaalẹ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbà láti yá wa ní mọ́tò ìjàpá rẹ̀ fún ọjọ́ Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde, a ní ó parí: a ó jí lọ ní kùtù, a ó sì padà lálẹ́.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ni wàhálà dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, iwájú ilé ìyá ọkọ mi gan-an ló sì gbà kọjá. Láti ọjọ́ tí Màmá ti gbọ́ pé Ìjẹ̀bú ni mí ni wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́. Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó wa, wọn ò rí ọmọ wa rí. “Obìnrin yẹn” ni wọ́n ń pè mí.

“A ò ní dúró,” ni ọkọ mi wí. “Tá a bá ti ń dé ibẹ̀, kí ìwọ àti ọmọ tẹ orí ba ṣá. Màá fi eré kọjá ni.”

Inú bí mi. “Èmi tẹ orí ba? Kí ni mo jí? Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká yà kí wọn jàre. Tí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi.”

“O ò mọ Màámi.”

“Tí wọ́n bá gbọ́ pé a gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá tá ò kí wọn, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Ẹ̀yin àbí èmi?”

Àwa méjèèjì mọ̀ pé ìyàwó ni wọ́n máa ń di irú ẹ̀ rù.

Mo ra búrẹ́dì, mo din ẹran sílẹ̀. Ọkọ mi wá lọ dá kún wàhálà náà. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí, ó wá lọ bi awakọ̀ kan tó ń kó iṣu wá sí ọjà Ṣàṣà láti Èkìtì, ọmọ ìlú rẹ̀ pọ́ńbélé! Ó tún sọ fún un pé òun ò ní yà sílé o, kó má sọ fẹ́nì kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ ìlú ẹni?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí Àjíǹde ku ọ̀la, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Inú fọ́tò nìkan ni mo ti rí Màmá rí, àmọ́ mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò iṣu yẹn ló gbé wọn wá.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, mà.” Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Màmá wo ọmọ wa tó dì mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n wò ó pẹ́, kí wọ́n tó kọjú sí ọmọ tiwọn.

“Wọ́n ní ẹ fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ wo omi. Ta ló dá a lábàá?”

Bí ọkọ mi bá dákẹ́, èmi ló jẹ̀bi. Títí ayé, èmi ni. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, òógùn ti bò ó. N kò tíì rí i kó dá ìyá rẹ̀ lóhùn gidi lórí ọ̀rọ̀ mi rí.

“Èmi ni, Màámi,” ló wí, kò gbé ojú sókè. “Ìyàwó mi ló ní ká yà. Ó ní ká yà, kódà kí ẹ lé òun.”

Màmá wá àga jókòó. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi nu ojú.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, “dìde nílẹ̀. Jẹ́ kí ojo ọkọ rẹ yẹn ṣì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò ní lọ bọ̀ lọ́jọ́ kan mọ́, ilé mi lẹ máa sùn.”

N kò tíì dìde. Ẹkún ni mo ń sun níbẹ̀ bí ọmọ kékeré.