Tíṣà Miriam àti Ògiri Tó Tẹ̀

Ẹni tó bá ní kò sí iṣẹ́ tó le ju kíkọ́ ọmọ olóríkunkun lọ, kò tíì bá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjerò wọ̀yá ìjà. Ẹ bi Miriam, ìyàwó àbúrò mi. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Ó lè di ojú kó fi ẹfun ya gbogbo ayé sójú pátákó, òkun kan kò ní dà sílẹ̀.

Ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ wa kò tẹ́. Ó tẹ̀ wọnú bí ààbọ̀ igbá. Bíríkìlà tó mọ ọ́n ní áńgẹ́lì ló fi hàn òun lójú àlá. Èmi gbà pé ẹmu ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun fi pírójẹ́kítọ̀ ránṣẹ́, ara ògiri yìí la tàn án sí. Ọ̀rọ̀ orin tó jáde níbẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Àwòrán Baba Ìjọ wa, Akínyẹmí, ẹgbẹ́ mi, tún jáde: iwájú orí rẹ̀ gbalẹ̀ láti fèrèsé ọ̀tún dé tòsì. Akọrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jábọ́.

Inú bí Akínyẹmí. "Bí nǹkan yìí kò bá tọ́ kó tó di ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì wa ti Ìlogbò ni ẹ̀rọ yìí yóò lọ! Ògiri tiwọn tẹ́."

Miriam kò fẹ́ kí ẹ̀rọ náà lọ. Ìyá rẹ̀, Màmá Rebecca, ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì di ọdún mẹ́fà tí ojú wọn kò ti ríwèé orin kà mọ́. Ètè lásán ni wọ́n ń mì. Ọjọ́ tí lẹ́tà ńláńlá yẹn hàn lára ògiri, bó ti wọ́ tó, wọ́n kọ orin dópin.

"Ẹ jẹ́ kó wọ́," ni wọ́n wí, "ẹ sáà má gbé e lọ. Mo ń rí i n'ulé Olúa."

Ni Miriam bá káṣọ sókè. Ó ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà, ní ìbú àti òró, bí àwọ̀n apẹja. Ó tàn án sára ògiri, ó jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, ó sì ń fa ibi tí ìlà ti pàdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yọ sókè, ó fà á wálẹ̀. Èyí tó wú, ó tì í wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló sọ pé òun lò. Èmi ka mẹ́tàdínlógún. Nígbẹ̀yìn, gbogbo ìlà tọ́ bí ebè àgbẹ̀ tó mọṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe Baba Ìjọ. Akínyẹmí jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pẹpẹ.

"Ó wọ́!"

"Ó tọ́, Baba. Ẹ wá wò ó níbi tí mo wà."

Ó wá, ó tọ́. Ó padà, ó wọ́. Ó lọ, ó bọ̀ nígbà méje, bí ẹni tó ń yí odi Jẹ́ríkò ká.

"Miriam, ṣé o fẹ́ fi àgbà ṣeré ni?"

"Ó tì o, Baba. Lára ohun tó tẹ̀, ojú ibì kan ṣoṣo ni àwòrán ti lè tọ́ pátápátá. Ẹ ò rí mápù? Ayé rí róbótó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ẹ sórí bébà gbọ́dọ̀ rẹ́ ibì kan jẹ. Bí mo bá tún un ṣe láti àárín ìjọ, yóò wọ́ díẹ̀ lójú kálukú, ṣùgbọ́n gbogbo wa á rí i kà. Bí mo bá tún un ṣe fún àga yín, ẹ̀yin nìkan ni yóò tọ́ fún."

Akínyẹmí kò tilẹ̀ mí. "Àga mi."

"Àwọn yòókù ńkọ́, Baba?"

"Ṣé àwòrán wọn ni?"

"Orin ńkọ́?"

"Ìyẹn, ṣe é bó o ṣe fẹ́. Ìwọ ni tíṣà."

Ọjọ́ ìkórè pé, àwòrán jáde. Akínyẹmí wo ara rẹ̀ láti orí àga, ó rí arẹwà ọkùnrin, ó mirí. Àwa yòókù ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wú bí elégédé, èkejì gbẹ bí ẹja. Imú doríkọ Àrámọkọ, etí òsì ń lọ Ẹ̀fọ̀n. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Pásítọ̀ sá wọ yàrá aṣọ. Èmi fi ìwé orin bojú, mo dorí rẹ̀ kodò.

Akínyẹmí dìde, ó ń juwọ́ sí wa. "Ẹ wo bí inú ìjọ ti dùn sí mi!" Ó kọjú sí Miriam. "Ọmọ mi, nǹkan yìí kò lọ sí Ìlogbò mọ́ láé."

"Ẹ ṣeun, Baba." Miriam kúnlẹ̀, ó ki ìborùn bọ ẹnu, ó sì yára yí àwòrán sí orin, èyí tó ti tún ṣe láti àárín ìjọ. Ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Màmá Rebecca kọ. Ohùn wọn borí ti akọrin, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ kan.