Lómè Tí A Kò Dé

Mo rántí òórùn ẹran díndín. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ họ́nímúùnù tiwọn, òkun ni wọ́n máa ń ròyìn, àti òtẹ́ẹ̀lì, àti fọ́tò tí wọ́n yà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní tèmi, kúlà ẹran màlúù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tí mo gbé lé itan láti Ìlaròó títí a fi kọjá bọ́dà, tí òróró rẹ̀ sì ba síkẹ́ẹ̀tì tí mo dìídì rán fún ìrìn àjò náà jẹ́. Inú ṣì ń bí mi sí kúlà yẹn.

Tíṣà ni mí ní Ayétòrò nígbà náà, ọkọ mi sì ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ìlaròó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so yìgì wa, inú ilé ẹbí rẹ̀ ni a ó máa gbé, nínú yàrá méjì tó kọjú sí yàrá ìyá rẹ̀. Mo ti mọ bí ilé náà ṣe rí. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì lè bá ara wọn sọ tí ẹnì kẹta kò ní dá sí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ kan péré tí yóò jẹ́ èmi àti ọkọ mi nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pe ìyàwó kó wá bá òun bu omi. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ mọ̀, n kò sì sọ ọ́ síta. Ọkọ mi kì í sọ pé rárá fún àgbàlagbà kankan, pàápàá ìyá rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín nítorí ìwà yìí. Èmi náà yìn ín nígbà tí à ń fẹ́ra, ìgbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ẹ̀yin ìbá rí wa nígbà tí à ń yan ìlú! Mo ti fọ́nnu fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé òkè òkun là ń lọ, n kò lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́. Ọkọ mi kọ́kọ́ dárúkọ Dùbáì. A wo owó ọkọ̀ òfuurufú lórí fóònù, a sì rọra pa fóònù náà. Ó wá ku ìlú tí a lè fi mọ́tò dé. Ẹni tí kò gbé ẹ̀bá bọ́dà rí yóò rò pé ìyẹn rọrùn. Àmọ́ ní ti àwa ará Yewa, ilẹ̀ òkèèrè tí kò wọ́nwó, ẹbí ló kún ibẹ̀. Kétu, àwọn ìdílé ìyá mi ń bẹ níbẹ̀. Pobẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé ibẹ̀. Kùtọnu, àwọn ẹbí ọkọ mi pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Gánà ńkọ́? Àbúrò ìyá mi wà ní Àkìrà, yàrá kan ni òun àti ìyàwó àtọmọ ń gbé, inú rẹ̀ ìbá sì dùn láti tẹ́ ẹní fún wa sáàárín wọn. Bí mo ti ń dárúkọ ìlú ni ọkọ mi ń dárúkọ ẹbí. Nígbà tí a dé orí Lómè, ó ronú títí, ó ní, "A ò mà lẹ́nì kankan níbẹ̀." Mo fò sókè. Mo wá yàrá kan lẹ́bàá òkun níbẹ̀ tí agbára wa ká, mo sì ń kọrin káàkiri ilé.

Àṣé mo tètè yọ̀ jù. Ìjọba ti ti bọ́dà pa nígbà náà. Ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá, èèyàn tó bá sì fẹ́ kọjá yóò rí wàhálà. Nítorí èyí, àwọn ẹbí ọkọ mi tó wà ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà, kò lè wá síbi ìgbéyàwó, títí kan ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àjàṣẹ́. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́ ibi tí à ń lọ, wọ́n gbé ọwọ́ léra.

"Lómè? Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?"

"A fẹ́ lọ sinmi ni, mà," ni mo wí.

"Kẹ́ ẹ wá gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Àjàṣẹ́ kọjá, àwọn tí kò rọ́nà wá síbi ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ má yà kí wọn? Kí wọ́n wá ní mi ò kọ́ ọmọ mi?"

Mo wo ojú ọkọ mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló ní. "A ó yà."

Bí ẹran ìgbéyàwó ṣe di ẹrù mi nìyẹn, nítorí ẹni tí kò bá rójú wá, a máa ń fi ìpín tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Láti Owódé dé Ìdírókò, n kò mọ iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró. Níbi gbogbo, wọ́n á ní kí n ṣí kúlà. Aṣọ́bodè kan tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹran kí nìyí?"

"Ẹran ìgbéyàwó ni, sà."

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Tiwa ni."

Ó wò mí, ó wo ọkọ mi, ó mú ègé kan, ó sì gbàdúrà pé a ó bí ìbejì. Ọkọ mi ṣe àmín gidigidi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń sú mi díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́, Ìyá Àjàṣẹ́ gbá mi mọ́ra, wọ́n sunkún ayọ̀. Ní ilé wọn, yàrá àgbà obìnrin ilé ni ìyàwó tuntun ń sùn. Ọlá ni wọ́n kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àjàṣẹ́, tí ọkọ mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á mú mi lọ kí ẹbí láti ilé dé ilé. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n ń bá mi sọ Yorùbá tí Faransé bọ́ sáàárín rẹ̀, wọ́n ń wúre fún mi, wọ́n ń bọ́ mi. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí nínú wọn, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí, nítorí n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí àfi ọkọ mi. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ nìkan la ti ń pàdé. Tí mo bá bi í léèrè Lómè, á ní ọ̀la ni. Tí ọ̀la bá dé, Ìyá Àjàṣẹ́ á ní ó ku ilé kan tí a kò tíì dé, ọkọ mi á sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ọ̀sẹ̀ wa parí síbẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mọ́tò tí a wọ̀ kú lẹ́yìn Ìhunbọ̀. Ilé epo kankan kò gbọdọ̀ ta epo nítòsí bọ́dà lásìkò náà, dírẹ́bà sì rò pé epo tó kù nínú mọ́tò yóò gbé wa dé Owódé. Àwọn èrò yòókù rí ọ̀kadà gùn. Àwa kò rí. A bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí apá Ajílété nínú oòrùn, a sì jà. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo ní n kò fẹ́ ẹ nítorí kí n lè fẹ́ gbogbo ìdílé. Mo ní tí kò bá lè sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mú mi padà sí Ayétòrò.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ohùn wọn lọlẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àwọn ní Owódé mọ́, pé kò sí ọjà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà.

"Mo ti kó àwọn ẹrù náà sí yàrá yín méjèèjì. Ìwọ, wà ní pálọ̀. Ìyàwó mi á máa sùn lọ́dọ̀ mi ná, títí wọ́n á fi ṣí bọ́dà."

Mo dúró sójú kan. Mo mọ ohun tí yóò sọ. Mo tilẹ̀ rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣe é.

"Bẹ́ẹ̀..." Ó wò mí. "Rárá, mà."

"O ní kí ni?"

"Mo ní rárá, mà. Ẹ má bínú. Màá wá ibi tí ẹrù yín á wà, èmi fúnra mi ni màá rù ú. Àmọ́ yàrá ìyàwó mi nìyẹn."

Wọ́n pa fóònù. Òógùn bò ó lójú. N kò lè yọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìyá kan jókòó sí Ìlaròó tí ọjà rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé rárá. Síbẹ̀ mo gba báàgì tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń rìn lọ.

Wọ́n ti ṣí bọ́dà tipẹ́. Ìyá ọkọ mi bínú sí mi títí àkọ́bí wa fi dé, wọ́n sì ti padà sídìí ìrẹsì wọn. Ọkọ mi ti padà sídìí "bẹ́ẹ̀ ni, mà" tirẹ̀ náà, inú ṣì máa ń bí mi sí i lọ́pọ̀ ọjọ́. A kò tíì dé Lómè. Tí wọ́n bá bi mí níbi tí a ti ṣe họ́nímúùnù, mo máa ń ní Àjàṣẹ́ ni, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Àmọ́ títì Ìhunbọ̀, nínú oòrùn, ni mo ti mọ̀ pé mo lọ́kọ.